Àjà Tí Mo Kàn Lé Bàbá Mi Lórí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: mo lu bàbá mi. Igi ni mo fi lù wọ́n, ní ojúmọmọ, lójú ìyàwó mi àti lójú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ọgbà wa. Apá wọn kán. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì ti ròyìn ẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Èmi náà ní ohun tí mo mọ̀, òun ni mo fẹ́ kọ síbí.

Àgídìngbì n'Íkẹjà ni mò ń gbé nígbà yẹn, nínú ọgbà ńlá kan lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Káfíńtà ni mí. Pálẹ́ẹ̀tì ni mò ń kàn, ìyẹn pèpéle onígi tí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń to páálí ẹrù lé kí ọkọ̀ tó wá gbé e. Ẹni tó ni ọgbà ní kí n máa bá òun ṣọ́ ibẹ̀, ó sì fún èmi àti ìyàwó mi ní pọtakábìn kan láti máa gbé. Ẹ mọ pọtakábìn, ilé onírin tí àwọn tó ń ṣe títì máa ń fi tírélà gbé láti ibi iṣẹ́ kan lọ sí òmíì. Èyí tiwa ti rìnrìn àjò tán ní tiẹ̀. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù nígbà tí iṣẹ́ títì kan parí, wọn ò sì padà wá gbé e mọ́. Irin ni ògiri ẹ̀, irin ni òrùlé, irin ni férémù ilẹ̀kùn. Ilẹ̀ inú ilé nìkan ló jẹ́ pákó.

Ooru ibẹ̀ ń luni ni, mi ò purọ́. Bó bá ti di aago méjì ọ̀sán, tí o bá gbé ọwọ́ lé ògiri, wàá yára gbé e kúrò. Àbẹ́là yọ́ nínú àpótí wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Èmi àti ìyàwó mi fara dà á fún ọdún mẹ́ta, torí pé a kì í sí nínú ilé lọ́sàn-án. Ìta là ń wà títí oòrùn á fi rọlẹ̀.

Ìgbà tí ìyá mi kú l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Kò sí ẹni tó máa dáná fún bàbá mi mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ilé ọkọ àwọn ò gbà wọ́n. Irọ́ gbuu! Ẹ̀rù bàbá wa ló ń bà wọ́n. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, àmọ́ èmi ni mi ò tètè rí irọ́ pa, ni wọ́n bá gbé bàbá fún mi.

Kí n sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́. Káfíńtà ni àwọn náà, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Wọn kì í pariwo, wọn kì í ṣépè. Ohunkóhun tó bá wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n á fi lu èèyàn: rúlà, àjákù pákó, èèkù hámà. Ìyá mi jẹ nínú ẹ̀, àwa ọmọ jẹ nínú ẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní nínú ṣọ́ọ̀bù: "Wo ẹ̀yìn igi kí o tó kan ìṣó." Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo gbàgbé ẹ̀. Mo kan ìṣó mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan, ìṣó yọ sí ojú iwájú, ó sì ba iṣẹ́ jẹ́. Bàbá mi ní, "Gbé ọwọ́ lé tábìlì." Mo gbé e lé e. Wọ́n fi igi lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní ta mí gan-an, mo sì gbà pé iṣẹ́ tí mo bàjẹ́ ló fà á. Èkejì ló ṣẹ́ ìka mi kékeré. Mi ò mọ ohun tó fa ìyẹn, torí mo ti bẹ̀ wọ́n tán. Ìka náà wọ́ títí di òní.

Ọkùnrin yìí ni wọ́n wá gbé bá mi nínú ilé irin, lọ́gbẹlẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ti gbó, wọ́n ti rù, ṣùgbọ́n ojú yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n dé, ìyàwó mi bá wọn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú wọn ti yí sókè, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. A gbé wọn dìgbàdìgbà lọ sí kíníìkì. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú wọn kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní, "Tí ẹ bá dá bàbá yìí padà sínú irin yẹn bó ṣe wà, ẹ má wulẹ̀ gbé wọn wá síbí mọ́. Ibi tí wọ́n ń gbé òkú sí ni kí ẹ máa gbé wọn lọ."

Kò síbi tí mo fẹ́ gbé wọn lọ. Àjà ilé yẹn ló gbọ́dọ̀ yí padà, kíá. Ẹ wo ayé mi lóde! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń gbàdúrà pé kí bàbá yìí kú. Èmi náà ló wá ń sáré kiri Ìkẹjà pé kí wọ́n má kú.

Fóòmù funfun líle tí wọ́n máa ń fi yí tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì ká nínú páálí, àwọn tó ń tajà ní Computer Village máa ń dà á nù sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Mo ṣà á fún ọjọ́ mẹ́rin. Ilé iṣẹ́ bisikíìtì tó wà níwájú wa fún mi ní ráìlọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wé bisikíìtì, rólù méjì tí àwòrán rẹ̀ ti bàjẹ́. Inú ráìlọ́ọ̀nù yẹn ń dán bíi dígí. Tí a bá kọ ojú rẹ̀ sí òrùlé, á lé ooru padà. Fóòmù á tẹ̀ lé e, pílíwúùdù á sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo gun orí òrùlé lọ fi ọ̀dà dí gbogbo ibi tó ń jò, irin sì bó mi ní orúnkún méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá dojú kọ àjà àtijọ́. Omi òjò ọdún púpọ̀ ti jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ bí ikùn ewúrẹ́ aboyún. Mo ki ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, mo fà á ya. Òwú pupa tó ń yúnni tí wọ́n kì sínú àjà já lù mí lójú, ìgbẹ́ eku dà sí mi lẹ́nu, àwọn eku fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Mo fi hámà lé wọn káàkiri inú ilé. Mo pa wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, mo pa wọ́n lára ògiri, ẹ̀jẹ̀ ta sí mi láṣọ. Ọ̀kan tóbi, òun ni mo gbá mọ́ igun ilé, mo ń lù ú, mo ń lù ú.

Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ọkọ mi, ó ti kú."

Mo tún gbá a.

Ó ní, "Ó ti kú tipẹ́. Ẹ wò ó, ẹ̀ ń lu pákó ni."

Bàbá mi wà lábẹ́ igi furúùtù níta lórí àga, wọ́n ń wò mí láti ojú fèrèsé. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé eku ló ṣẹ̀ ẹ́ tó báyìí?" Mo ju eku náà síta, mo lọ fọ ọwọ́ mi.

Ọjọ́ kẹta iṣẹ́ ni mo kan pílíwúùdù. Ó ku ìṣó díẹ̀, ó sì ku àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń bo ojú ibi tí pílíwúùdù méjì ti pàdé. Mo ti gé wọn sílẹ̀ ní ìwọ̀n, igi líle gidi, mo fi wọ́n ti ara àkàbà. Lọ́jọ́ yẹn, bàbá mi kọ̀ láti jókòó sábẹ́ furúùtù. Wọ́n ní kí n gbé àga àwọn wọlé, àwọn fẹ́ wo iṣẹ́. Láti aago mẹ́wàá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Igi yẹn ò gún. Ìṣó yẹn ti jìnnà jù. Ta ló kọ́ ẹ ní irú èyí? Mo ní ẹ̀yin ni. Wọ́n ní àwọn kọ́, bóyá àwọn ará Èkó. Orí mi ti ń gbóná, ooru ń na ẹ̀yìn mi, òógùn ń wọ̀ mí lójú. Ẹnu mi nìkan ni mo ń ká lọ́wọ́ kò.

Wọ́n tún ní, "Ṣé o wo ẹ̀yìn igi yẹn?"

"Mo wò ó."

Mi ò wò ó.

"O ò wò ó. Mo rí wáyà tó gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀."

"Bàbá, iná ò sí. Ó pé ọjọ́ mẹ́fà tí iná ti lọ. Ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi."

"Iná tó lọ, ṣé ó dágbére fún ẹ pé òun ò bọ̀ mọ́ ni? Lọ pa súìṣì kí o tó kàn án."

Gbogbo ará àdúgbò wa ló mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń pa súìṣì nígbà tí iná ò bá sí. Kí lo fẹ́ pa? Ohun tí kò sí? Mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ẹ ò tíì gún síbẹ̀."

Àáà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo yíjú wò wọ́n látorí àkàbà. Mo na ọwọ́ òsì mi sí wọn, mo fi ìka tó wọ́ hàn wọ́n. Mo ní, "Ta ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀? Ẹ sọ fún mi, Bàbá. Ta ló ba ọwọ́ mi jẹ́?"

Wọ́n wo ìka náà. Ojú wọn ò yí padà. Wọ́n ní, "Ọwọ́ tí kò gbọ́ràn ni."

Mo mú ìṣó tó gùn jù nínú àpò mi. Mi ò wo ẹ̀yìn igi, mi ò wo iwájú ẹ̀. Mo fi gbogbo ìbínú tí mo ti kó jọ láti kékeré gbá a wọlé títí orí rẹ̀ fi wọnú pílíwúùdù. Ìṣó lásán kọ́ ni mò ń kàn lójú ara mi, kí Ọlọ́run foríjì mí. Bàbá mi dìde, wọ́n mú búútà omi, wọ́n ní àkókò ìrun Àlàásárì ti tó. Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀, wọ́n jáde lọ ṣe àlùwàlá.

Iwájú ilẹ̀kùn ni wọ́n ti máa ń ṣe é, níbi tí ilẹ̀ ti di ẹrẹ̀ torí omi ọjọ́ gbogbo. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ ẹsẹ̀, wọ́n á di férémù ilẹ̀kùn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i.

Mo ti mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ariwo láti ìta ọgbà: "Iná dé! Iná dé o!" Ẹ̀rọ tí fọ́kánáísà tó wà lẹ́yìn ọgbà fi ń fẹ́ táyà bú sókè. Fáànù inú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Búútà bàbá mi sì já bọ́.

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ òsì wọn di férémù mú, gbogbo ara wọn ń gbọ̀n, eyín wọn há pọ̀, ohùn kan ń jáde nínú ọ̀fun wọn tí mi ò lè ṣàpèjúwe. Ìṣó mi ti gba inú wáyà wọ ara irin. Gbogbo ilé yẹn, láti òrùlé dé ilẹ̀kùn, ló ti di iná. Ìyàwó mi ń sáré bọ̀ láti ìdí ààrò, ó na ọwọ́ sí wọn. Mo ké mọ́ ọn, "Má fọwọ́ kàn wọ́n! Dúró síbẹ̀!" Súìṣì ńlá wà lára ògiri irin yẹn kan náà, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án.

Mo fò bọ́ sílẹ̀. Bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ mi, pákó ni mo dúró lé, igi gbígbẹ ló wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo ẹni tó bá ti bá iná ṣiṣẹ́ rí ló mọ̀ pé igi la fi ń gba ẹni tí iná gbé. Èèyàn gbọ́dọ̀ lù ú kó le. Mo gbé e sókè, mo là á mọ́ ọrùn ọwọ́ wọn.

Ọwọ́ wọn já lára férémù. Mo rí i pé ó já. Ẹ jẹ́ kó yé yín dáadáa, mo rí ìka wọn márààrún tó ṣí, mo rí wọn tí wọ́n ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sẹ́yìn kúrò lára irin. Iná ti fi wọ́n sílẹ̀.

Mo tún gbé igi náà sókè. Ẹnu mi ṣí, mo sì gbọ́ ohùn ara mi tó ń ké pé, "Gbé ọwọ́ lé tábìlì!" Mo là á mọ́ apá wọn. Mo gbọ́ bí eegun ṣe dún. Mo mọ ìró yẹn láti kékeré.

Wọ́n ṣubú sínú ẹrẹ̀. Èmi dúró lé wọn lórí pẹ̀lú igi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìta ṣe bá wa. Fọ́kánáísà ló kọ́kọ́ gba orí fẹ́ńsì wọlé, pẹ̀lú sípánà tó fi ń tú táyà. Ó ké pé, "Ó ń lu bàbá ẹ̀! Ẹ gbà wá o, ó fẹ́ pa bàbá ẹ̀!" Àwọn tó ń di ẹrù ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì tẹ̀ lé e. Mi ò sá, mi ò ṣàlàyé. Ìgbájú, ìpá, bẹ́líìtì, sípánà: gbogbo ẹ̀ bá mi. Eyín mi méjì bọ́. Ẹnìkan fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lọ́rùn, ó ń bi mí pé irú ìyá wo ló bí mi. Nínú gbogbo ẹ̀, mò ń wí nínú ara mi pé wọn ò jẹ̀bi.

Ìyàwó mi ló ń ké, "Iná ló gbé Bàbá! Iná ni! Ẹ má fara kan ilé yẹn!" Ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn fẹ̀yìn kan ògiri, tó fò sókè, tó ké "Yéè!", ni wọ́n tó gbọ́ ọ. Ẹnìkan fi igi ìgbálẹ̀ pa súìṣì.

Bàbá mi gbé orí sókè nínú ẹrẹ̀. Ohùn wọn kéré. Wọ́n ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Òun ló gbà mí."

Kẹ́ ẹ wá rí àwọn èèyàn! Àwọn tó fẹ́ pa mí ló wá ń nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi. Fọ́kánáísà dọ̀bálẹ̀ fún mi tòun ti sípánà. "Káfíńtà, má bínú, a ò mọ̀. Ọmọ gidi ni ẹ́. Ọmọ tìẹ náà á gbà ọ́." Gbogbo wọn ṣe àmín. Ojú tì mí débi pé ó wù mí kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù mí.

Ní kíníìkì, wọ́n fi símẹ́ńtì funfun de apá bàbá mi. Oníṣẹ́ iná wá yọ ìṣó mi, ó sọ wáyà di tuntun, ó sì bú mi dáadáa. Nígbà tí bàbá fi máa padà délé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo ti kan gbogbo igi tó kù tán. Ojú kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tí mi ò tíì bò, gẹ́lẹ́ lókè bẹ́ẹ̀dì wọn.

Wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n wòkè. Wọ́n ní, "Igi ibẹ̀ yẹn dà?"

"Mo ti jù ú nù, Bàbá. Mo máa gé òmíì."

"Lọ gbé e wá."

Ẹ̀yìn ilé ni mo ti rí i, láàárín àwọn pálẹ́ẹ̀tì. Mo nù ún, mo gbé e gun àkàbà. Ó bá ojú ibẹ̀ mu, torí ìwọ̀n ibẹ̀ gan-an ni mo gé e sí. Mo lọ pa súìṣì. Mo wo ẹ̀yìn igi, mo fi ìka tẹ gbogbo ẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án, wọ́n sì ń wò mí.

Ó ku ìṣó kan kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Kí ni, Bàbá?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo lù mí. Iná ti fi mí sílẹ̀ kí o tó lu èkejì."

Hámà wà lọ́wọ́ mi lókè. Omijé ń bọ̀, mo sì ń bínú sí i pé ó ń bọ̀. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí."

Wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ́ ẹ." Wọ́n yí ojú sí ògiri. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń hanrun. Ọ̀sán gangan ni o, wọ́n sì sùn nínú ilé yẹn láìlàágùn, wọ́n sùn títí dìgbà tí wọ́n pe ìrun. Ooru kò rí ọ̀nà gbà wọlé mọ́.

Nírọ̀lẹ́, ìyàwó mi wọlé, ó dúró sí àárín ilé, ó gbé ojú sókè. Ó mọ igi náà. Ẹ̀jẹ̀ ẹnu mi ṣì wà lára ẹ̀ díẹ̀, níbi tí mi ò nù dáadáa. Ó wo apá bàbá mi nínú símẹ́ńtì. Ó wo ìka mi.

Ó rọra ní, "Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi, mo gbọ́ ohun tí ẹ ké lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí igi yẹn bá sọ̀ kalẹ̀, mi ò ní sí nílé yìí mọ́."

Mo ní kò ní sọ̀ kalẹ̀ láéláé. Ó ní òun ti gbọ́, ó lọ gbé oúnjẹ fún bàbá.

Ìṣó mẹ́sàn-án ni mo fi kan igi yẹn, ó sì tó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pa súìṣì, mo tún gun àkàbà lọ, mo fi mẹ́sàn-án mìíì kún un.